Ẹrù Tí Ó Ń Wúwo Sí I: Ìtàn Iṣẹ́ Olórí Ilé-Ìwé ní Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 1842

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ ìwé mú wọ ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ olórí ilé-ìwé wà lára àwọn tí ó ti yí padà jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí a ń pè é kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Olórí ilé-ìwé ni ẹni tí a fi ṣe alákòóso ilé-ìwé kan, ìbáà jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń pè é ní hẹdimásítà tàbí ọ̀gá ilé-ìwé, ìbáà sì jẹ́ girama, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní pírínsípà. Ohun tí ìtàn iṣẹ́ yìí fi hàn ni pé gbogbo àwọn tí ó ti ní àṣẹ lórí ẹ̀kọ́, láti orí ìjọ ajíhìnrere dé orí ìjọba amúnisìn, àti láti ibẹ̀ dé orí ìjọba ẹkùn àti ti àpapọ̀, ni ó fi iṣẹ́ tuntun kún èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó mú iṣẹ́ àtijọ́ kankan kúrò. Nítorí náà, ìbéèrè tí olórí ilé-ìwé òde òní ń bi ara rẹ̀ láràárọ̀, ìyẹn èwo ni kí òun kọ́kọ́ dá lóhùn nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó dúró de òun, kì í ṣe ìbéèrè nípa akitiyan tàbí ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan. Ìtàn ni ó bí i, inú ìtàn náà ni ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá ìdáhùn rẹ̀.

Kí àwọn ajíhìnrere tó dé, ilé-kéú ti wà ní àwọn ìlú Yorùbá tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀. Ààfáà kan ni ó máa ń jókòó sí àárín àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, tí olúkúlùkù wọn sì gbé wàláà, èyí tí í ṣe pátákó pẹlẹbẹ tí a ń kọ ẹsẹ Kùránì sí, lọ́wọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó kà dé, nítorí náà kò sí ètò kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ìpè orúkọ. Àwọn ọmọ tí ó ti jìnnà nínú kéú ni ó ń ran àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ààfáà a sì máa gbọ́ ti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbà pé kí a fọ wàláà náà fún ẹsẹ tuntun. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí i pé ààfáà kò ní aláṣẹ kankan ní òkèèrè tí ó ń jíyìn iye ọmọ fún. Àwọn òbí ọmọ àti àwùjọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀nà kan ni ó gbà wá bá a.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft tí ó wá láti Gold Coast, de Graft ni ó sì dúró síbẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ ìjọ àti ilé-ìwé kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀. Ní ìparí ọdún kan náà ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. gba Àgbádárìgì kọjá lọ wo Abẹ́òkúta, ní ọdún 1846 ni òun àti Samuel Àjàyí Crowther sì wá tẹ̀dó sí ìlú náà, tí ìjọ àti ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ ní Aké. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní irú òṣìṣẹ́ kan tí àwọn ará ìlú ń pè ní tísà, ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ọjọ́ Ajé, tí ó ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó ń ṣe ògbufọ̀ nígbà tí òyìnbó bá dé, tí ó sì ń tọ́jú ilé ìjọ́sìn láàárín ọ̀sẹ̀. Lójú àwọn ìjọ, ilé-ìwé kì í ṣe ohun ọ̀tọ̀, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ fi ń wọ inú ìgbàgbọ́ ni. Ìdí nìyí tí kò fi ṣòro fún tísà láti mọ èyí tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ rẹ̀: ohun tí ìjọ bá nílò ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, ẹ̀kọ́ yòókù a sì tẹ̀lé e.

Ohun tí ó jẹ́ kí ẹnì kan lè kápá ọ̀pọ̀ ọmọ nínú yàrá kan ni ètò mọ́nítọ̀, èyí tí Andrew Bell àti Joseph Lancaster sọ di mímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e. Nínú ètò yìí, olùkọ́ a kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ tí ó dàgbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, àwọn wọ̀nyí a sì kọ́ àwọn kékeré ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, nígbà tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò máa rìn yí ká láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bell sọ pé ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà ni òun ti kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tí ó bá ti rí ilé-kéú rí kò ní ka ètò náà sí àjèjì, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni ó wà nídìí méjèèjì: kí olórí má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ọmọ tí ó ti kọ́ lè ṣe. Ọgbọ́n yìí ni ó kọ́kọ́ wọ inú iṣẹ́ olórí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti gbàgbé nígbà tí ìwé kíkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi gbogbo.

Nígbà tí CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, ẹni tí ó di pírínsípà rẹ̀ ni Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay ní Sàró àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther. Àwọn ẹ̀kọ́ bíi Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé wà lára ohun tí ó ní láti rí sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, ìyẹn ni owó wíwá. Owó ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ra ìwé àti ohun èlò, tí ó jẹ́ £50, ọ̀dọ̀ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró tí ó fi Èkó ṣe ilé, ni ó ti wá, lẹ́yìn ìgbà náà sì ni ilé-ìwé gbára lé owó tí àwọn òbí ń san. Macaulay wà lórí ipò náà títí ó fi kú ní ọdún 1878, ilé-ìwé tí ó dá sílẹ̀ sì wà títí di òní. Òun ni ó yẹ kí a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi iṣẹ́ hàn ní ilẹ̀ yìí pé pírínsípà tí kò bá mọ ọ̀nà owó lè jẹ́ olùkọ́ àtàtà kí ilé-ìwé rẹ̀ sì tì.

Ìyípadà tí ó tóbi jù lọ dé nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó díwọ̀n ilé-ìwé. Ní ọdún 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ẹ̀kọ́ kan jáde fún àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí Èkó sì wà lára wọn, Metcalfe Sunter tí ó ti ṣe olórí Fourah Bay ni a sì yàn gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé-ìwé, ẹni tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ìsípẹ́kítọ̀. Nígbà tí a ya Èkó kúrò lára Gold Coast ní ọdún 1886, òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1887. Kókó inú àwọn òfin wọ̀nyí ni owó ìrànwọ́, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún ilé-ìwé ìjọ tí ó bá gbà kí alábẹ̀wò wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò náà tan mọ́ èyí tí Robert Lowe gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1862, nínú èyí tí ìjọba ń san owó ní ìbámu pẹ̀lú bí ọmọ ṣe ń wá sílé-ìwé déédéé àti bí ó ṣe yege nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò bá dé.

Láti ìgbà náà lọ, rẹ́jísítà, èyí tí í ṣe ìwé tí a ń pe orúkọ ọmọ láti inú rẹ̀ ní àárọ̀ àti ọ̀sán, kúrò ní ìwé ìrántí lásán, ó di ìwé owó. Bí olórí ilé-ìwé bá gbàgbé láti sàmì sí orúkọ ọmọ kan, ọmọ náà kò wá sílé-ìwé lójú òfin, bí ó tilẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1862 yìí kan náà ni ó sọ lọ́ọ̀gù-búùkù di dandan, ìyẹn ìwé ńlá tí olórí ilé-ìwé ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí: àlejò tí ó wá, àìsàn tí ó jà, òjò tí kò jẹ́ kí ọmọ wá, ọjọ́ tí a san owó. Ìwé náà di ara àwọn ìwé tí òfin ní kí gbogbo ilé-ìwé Nàìjíríà máa tọ́jú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ní ohun tí ó lé ní ọ̀rúndún kan lẹ́yìn tí ìdí tí a fi ṣe é ti kúrò nílẹ̀.

Owó-tí-ó-ń-tẹ̀lé-èsì yìí tún yí ètò ọkàn olórí ilé-ìwé padà lọ́nà tí ó burú ju ti ìwé kíkọ lọ. Ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa yóò yege bí olùkọ́ kò bá tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án, èyí tí ó rẹ̀yìn pátápátá kò sì ní yege bí a tilẹ̀ fi òru mọ́ ọ̀sán kọ́ ọ. Àárín méjèèjì ni owó wà, ibẹ̀ ni agbára olùkọ́ sì ń lọ. Matthew Arnold, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, lòdì sí ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó rí i pé yóò sọ ẹ̀kọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òótọ́ ni ó sọ. Ní Èkó, níbi tí Henry Carr, ọmọ Èkó tí ó gboyè ní Fourah Bay ní ọdún 1882, ti di alábẹ̀wò ilé-ìwé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ó kéré tán, ẹni tí ó mọ àwọn ọmọ àti èdè wọn ni ó ń yẹ ilé-ìwé wò, ṣùgbọ́n òfin tí ó ń lò kò yàtọ̀. Iṣẹ́ ọdún kan ni a ń fi ọjọ́ ìbẹ̀wò ṣe ìdájọ́ fún, olórí ilé-ìwé tí ó bá sì gbọ́n a ṣètò gbogbo ọdún náà yí ọjọ́ yẹn ká.

Ìwé tí ó sọ jù lọ nípa ohun tí ìjọba kà sí pàtàkì nínú iṣẹ́ olórí ilé-ìwé ni ètò owó ìrànwọ́ ti ọdún 1916, èyí tí ó jáde nígbà tí Frederick Lugard jẹ́ gómìnà-àgbà Nàìjíríà. Dípò kí ìdánwò ọjọ́ kan máa pinnu gbogbo owó, Lugard pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìwà gbogbogbòò ilé-ìwé, ìbáwí, ètò àti ẹ̀kọ́ ìwà. Ìdá 20 jẹ́ ti bí àwọn olùkọ́ ṣe tó àti bí wọ́n ṣe já fáfá tó. Ìdá 40 jẹ́ ti ìdánwò àtìgbàdégbà àti ìlọsíwájú àwọn ọmọ. Ìdá 10 sì jẹ́ ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Ohun tí Lugard ń wá kì í ṣe ire àwọn ọmọ nìkan, nítorí pé ìjọba rẹ̀ ń bẹ̀rù ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí kò ní tẹrí ba, ó sì fẹ́ kí ilé-ìwé kọ́ wọn ní ìgbọràn. Síbẹ̀, bí a bá yọ èrò ìṣèlú yẹn kúrò, ohun kan wà nínú ìpín náà tí àwọn tí ó tẹ̀lé e ìbá ti dì mú: ó sọ fún olórí ilé-ìwé, pẹ̀lú iye tí ó hàn kedere, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba ní ìwúwo. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà mọ̀ pé òdòdó tí ó yí ọgbà ká kò tó ìlọsíwájú ọmọ nínú kíláàsì, àti pé ìdajì owó ilé-ìwé wà lórí ìwà àti àwọn olùkọ́, tí wọn kò ṣeé fi ìdánwò ọjọ́ kan dá. Nínú gbogbo ìlànà tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ilé-ìwé láti ìgbà náà, ìwọ̀nba ni ó sọ fún olórí ilé-ìwé ohun tí ó lè fi sí ẹ̀yìn.

Òfin ọdún 1926, tí ó tẹ̀lé ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, sọ ọ́ di dandan pé kí a forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ kí ó tó lè kọ́ni ní gúúsù Nàìjíríà, kí a má sì ṣí ilé-ìwé tuntun láìgba àṣẹ, ó sì mú kí àwọn ìjọ yan sùpáfaísọ̀, ìyẹn alábòójútó tí ó ń yí ilé-ìwé ìjọ rẹ̀ ká. Báyìí ni hẹdimásítà abúlé ṣe di ẹni tí ó ní ọ̀gá mẹ́ta: pásítọ̀ tàbí fadá tí ó jẹ́ alákòóso ilé-ìwé lórúkọ ìjọ, sùpáfaísọ̀ tí ìjọ rán, àti ìsípẹ́kítọ̀ tí ìjọba rán. Ó ní láti tọ́jú oko ilé-ìwé, kí ó rí sí iṣẹ́ ọwọ́ bíi apẹ̀rẹ̀ híhun àti ìgbálẹ̀ ṣíṣe, kí ó kọ́ kíláàsì tirẹ̀, kí ó sì yẹ ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí agogo ìparí bá lù ni iṣẹ́ àwọn ará abúlé máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń ka lẹ́tà tí ọmọ wọn kọ láti Èkó, tí ó ń kọ èsì rẹ̀, tí ó ń ṣe akọ̀wé ìpàdé ìlú, tí a sì ń pè sí ìjà ilẹ̀ àti ìjà tọkọtaya. Nígbà tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá gbé eré The Village Headmaster jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1968, ìdí tí ó fi wọ àwọn olùwòran lára ni pé wọ́n mọ ọkùnrin náà; ó ti wà ní abúlé wọn.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ẹrù yìí di ọ̀rọ̀ àjùmọ̀sọ ni Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ní Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1908, ó gboyè ní Fourah Bay, ó sì di pírínsípà Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ní ọdún 1918. Níbẹ̀ ni ó ti kó àwọn olórí ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan ní ọdún 1926, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ Èkó ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí àti àwọn mìíràn ni ó parapọ̀ di Nigeria Union of Teachers ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 1931, Ransome-Kuti sì ni ààrẹ àkọ́kọ́, ipò tí ó wà títí di ọdún 1954. Àkókò tí ẹgbẹ́ náà bí sí kì í ṣe àkókò tí ó rọgbọ, nítorí pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀, ìjọba sì ń gé owó iṣẹ́ olùkọ́ kù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí ni pé àwọn olórí ilé-ìwé ni ó ṣíwájú. Kàkà kí hẹdimásítà kọ̀ọ̀kan máa bá sùpáfaísọ̀ tirẹ̀ jà lórí iṣẹ́ tí ó ju agbára lọ, ẹgbẹ́ ni ó ń bá ìjọba àti àwọn ìjọ sọ̀rọ̀ lórí owó, lórí ipò, àti lórí bí a ṣe ń lé olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ó yẹ kí a ro iye iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ní lọ́wọ́ pọ̀. Láti ọdún 1932 ni ó ti padà sí Abẹ́òkúta Grammar School gẹ́gẹ́ bí pírínsípà. Ó jẹ́ àlùfáà. Ó ń darí ẹgbẹ́ olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì yan ìgbìmọ̀ Elliot ní ọdún 1943 láti gbé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yẹ̀ wò, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè dá gbogbo èyí ṣe láìjẹ́ pé ó fi ilé-ìwé lé àwọn mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé náà. Ètò púrífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí a fún ní àṣẹ lórí àwọn yòókù, jẹ́ ara ìgbé ayé girama nígbà náà. Ẹgbẹ́ olùkọ́ náà sì ní akọ̀wé àgbà tí ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é, Eyo Esua, láti ọdún 1943. Ìwà líle Ransome-Kuti ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sábà máa ń rántí, ṣùgbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ olórí ilé-ìwé, ohun tí ó tọ́ kí a rántí rẹ̀ fún ni pé ó kọ́ ètò tí ó lè dúró bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1955, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ni orí tí ó kún jù nínú ìtàn yìí. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, tí ó ti jẹ́ pírínsípà àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó di mínísítà ẹ̀kọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ni ó gbé ètò náà síwájú ilé aṣòfin ní ọdún 1952, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 ó di 811,432. A dín ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà ní àkókò kan náà. Ìtìjú ni fún ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ẹkùn yìí láti má sọ bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ṣe ga tó: ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbàṣe wọ ilé-ìwé láìsan owó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iye náà kò dúró sí ìlú Ìbàdàn níbi tí a ti kéde rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà hẹdimásítà ni ó dé sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mú wá kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà olórí ilé-ìwé ni ó ní láti pinnu bí ọmọ ṣe tó ọdún mẹ́fà, ọ̀nà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì mọ̀ ni pé kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó wọlé. Ilé-ìwé tuntun ń yọ ní ibi tí igbó wà lọ́dún tí ó ṣáájú, àwọn ará ìlú ń fi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ, hẹdimásítà sì ni ó ń dúró ti bíríkìlà. Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn olùkọ́. Ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró de olùkọ́ títí tí yóò fi gboyè, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wọ kíláàsì jẹ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé fúnra wọn. Iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ìbá ti ṣe wá bọ́ sí orí hẹdimásítà, ẹni tí ó ní láti kọ́ àwọn tí yóò kọ́ni bí a ṣe ń kọ ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń mú ẹfun lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń kápá ọmọ ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Banjo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ẹkùn náà láàárín ọdún 1960 sí 1961, ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ó lọ sílẹ̀ àti àìtó olùkọ́ tí ó gboyè wà lára ohun tí ó tọ́ka sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ìdájọ́ yìí yóò pé jù bí a bá fi kún un pé ilé-ìwé tí kò wó lulẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn kò wó nítorí àwọn hẹdimásítà tí wọ́n gboyè ṣáájú 1955, tí wọ́n sì mọ̀ pé títọ́ olùkọ́ tuntun sọ́nà ni ó ní láti ṣáájú ìwé gbogbo.

Tai Ṣólàrín, tí òun náà ti ṣe pírínsípà Molusi College, gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956 ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, ṣí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáko, tí wọ́n ń tọ́jú àyíká wọn, tí wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú ilé kíkọ́. Ó yọ ìsìn kúrò nínú ètò ilé-ìwé pátápátá, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò fara mọ́. Ẹni tí ó bá lòdì sí èrò rẹ̀ nípa ẹ̀sìn kò gbọ́dọ̀ ṣàìrí i pé ó wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n jókòó, tí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí ilé-ìwé kò ní ṣe, tí wọ́n sì dúró lórí ìdáhùn náà.

Àwọn ìyípadà tí ó tẹ̀lé e ṣeé sọ ní kúkúrú. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, àwọn ìjọba sì gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà, èyí tí ó mú pásítọ̀ àti fadá kúrò lára àwọn ọ̀gá hẹdimásítà, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ rọ́pò wọn. Ní Èkó, ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ń lọ sílé-ìwé ní àárọ̀, àwọn mìíràn ní ọ̀sán, nínú ilé kan náà, títí ìjọba Lateef Jakande, tí ó dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú ètò náà wá sópin. Jakande jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ tí wọ́n mú ẹrù kan kúrò lórí olórí ilé-ìwé ní tòótọ́, ó sì ṣe é pẹ̀lú síméǹtì, kì í ṣe pẹ̀lú ìwé ìlànà.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977, èyí tí ó mú girama kékeré àti girama àgbà wá láti ọdún 1982, ni ó bí ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà, ìyẹn ètò tí a ń kọ máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jálẹ̀ sáà, dípò kí ìdánwò ìparí dá ṣe ìdájọ́. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára, ó tilẹ̀ tún àṣìṣe owó-tí-ó-ń-tẹ̀lé-èsì ti ọdún 1887 ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọmọ àti ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àkọsílẹ̀ láti ṣe nínú sáà kan, kí a tó ka iye ìgbà tí a dán ọmọ wò láàárín sáà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò náà láìní akọ̀wé kankan. Ní ọ̀pọ̀ girama ìjọba ni a ti pín igbákejì pírínsípà sí méjì, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, èkejì fún ọ̀rọ̀ àkóso, ìpín yìí sì wà lára ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù lọ nínú ètò ilé-ìwé òde òní. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹrù ti pọ̀ jù, ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, tí a mọ̀ sí NIEPA, láti máa kọ́ àwọn tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ àti àwọn tí ó ń ṣàkóso rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn. Àádọ́jọ ọdún gan-an ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ọdún tí de Graft bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní Àgbádárìgì, ní gbogbo àkókò yẹn sì ni a ti ń mú olùkọ́ tí ó mọṣẹ́, tí a ń fi í jẹ olórí, tí a sì ń retí pé yóò ti ara rẹ̀ mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́, bí a ṣe ń ka owó, àti bí a ṣe ń yan èyí tí ó ṣáájú. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò, ó sì yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí a bá yàn. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a tọ̀ wá yìí kò gbà pé ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù, nítorí pé kì í ṣe àìmọṣẹ́ ni ó sọ ẹrù náà di ńlá. Àwọn aláṣẹ ni ó dì í, ní àsìkò kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn náà ni ó sì lè tú u. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Yorùbá kó gbogbo ìwé tí hẹdimásítà ń kọ jọ, láti orí lọ́ọ̀gù-búùkù dé orí fọ́ọ̀mù tí ó dé ní oṣù tí ó kọjá, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó ń kà á àti ohun tí ó ń fi í ṣe, kí wọ́n pa èyí tí kò ní òǹkàwé rẹ́, kí wọ́n sì gba akọ̀wé kan sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù tuntun mìíràn ránṣẹ́.